Oògùn tí ọmọ ìwé ń lò kí wọ́n má bàa sùn lásìkò ìdánwò: ohun tí a ń bá pàdé láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ṣàgámù

Apoògùn, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ọmọ ìwé kan ń gbé Ritalin àti modafinil mì láìsí ìwé dókítà, kí wọ́n má bàa sùn, kí wọ́n lè kàwé ìdánwò. Oògùn àwọn tó ní ADHD, tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, ni Ritalin. Kí dókítà tó kọ ọ́, á wọn ìfúnpá, á ka bí ọkàn ṣe ń lù, á béèrè bóyá àrùn ọkàn wà nínú ìdílé. 5 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni àgbà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó tọrọ ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti fo gbogbo ìyẹn. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n lọ hóró 36 mg tí wọ́n ṣe pé kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ á ya wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n.

Ti modafinil, oògùn àwọn tí àìsàn ń mú kí oorun máa kùn lọ́sàn-án, tún yàtọ̀. Ẹni tó gbé e mì lágogo mẹ́jọ alẹ́, bí ìdajì ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ tó bá jókòó ìdánwò lágogo mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ó tún máa ń dín agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kù.

Olùkọ́, Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ ṣeun, Apoògùn. Ìyànjẹ làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ pe kí ọmọ ìwé lo irú oògùn yìí. Duke University ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sófin wọn bẹ́ẹ̀ ní 2011. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ sínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onísáyẹ́ǹsì, pé kí wọ́n gba àgbà tára ẹ̀ dá láyè láti lò ó. Èmi ò bá wọn lọ, torí èrè wo ló wà níbẹ̀ gan-an? Iṣẹ́ ìwádìí Yunifásítì Melbourne tó jáde ní 2023 fún 40 èèyàn tára wọn dá ní methylphenidate (oògùn inú Ritalin) 30 mg, dexamphetamine (oògùn ADHD mìíràn) 15 mg, modafinil 200 mg àti hóró tí kò ní nǹkan nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọ̀tọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ṣa ẹrù tó níye lórí jù sínú àpò tí kò gbọdọ̀ wúwo ju iye kan lọ. Nígbà tí oògùn wà lára wọn, wọ́n pẹ́ nídìí ẹ̀, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tò ó, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ṣà kò dára tó tìgbà tí wọn ò lo nǹkan kan. Ìtara ló fún wọn, kò fún wọn lóye. Oorun tí ọmọ ìwé sì fi dù ara ẹ̀, inú ẹ̀ ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kà.

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Àwọn kan á ní ṣebí gbànja Rẹ́mọ náà ń lé oorun. Òótọ́ ni, kaféènì inú kọfí náà ló wà níbẹ̀, àgbà ò sì gbọdọ̀ ju bíi 400 mg ẹ̀ lọ lóòjọ́. Àmọ́ kí wọ́n gbé Ritalin mì, kí wọ́n jẹ obì lé e, kí wọ́n tún mu énájì dríǹkì, ọkàn ló ń jìyà ẹ̀. Ní ti Tramadol táwọn kan ń dà pọ̀ mọ́ wọn, kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: oògùn ìrora ni, bó bá pọ̀ lára, ó ń fa gìrì. Bí ẹ bá gbé ẹnikẹ́ni wá sí ọsibítù, ẹ mú páálí ohun tó lò dání, kí ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́. Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá.

Apoògùn, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ní ADHD lóòótọ́, ẹ máa ka hóró inú ike ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá fún ọ̀rẹ́ ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, tiẹ̀ ló dín.