“Kò tíì” ni ká wí: orúkọ fún ìyàtọ̀ jíìnì tí a kò tíì mọ ibi tó já sí

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, àbá orúkọ méjì ló wà nílẹ̀ fún irú ìyàtọ̀ tí àyẹ̀wò máa ń rí nínú àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn ìlànà inú ara tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, bíi BRCA1 àti BRCA2 tó jẹ mọ́ jẹjẹrẹ ọmú, èyí tí àwọn onímọ̀ kò tíì lè sọ bóyá ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹnì kan pè é ní “àbùkù àìdánilójú”, ẹlòmíràn pè é ní “àyípadà aláìnítumọ̀”. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ wọn.

“Àbùkù” ti dá ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó délé. Ní Adó-Èkìtì, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ń túmọ̀ ìwé àyẹ̀wò wọn fún wọn. Bí mo ṣe pe àbùkù báyìí, wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní kí àwọn àna ọmọ àwọn má gbọ́. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi ni mo sọ ọ́. Ìpele márùn-ún ni ìlànà tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2015 pín ìyàtọ̀ wọ̀nyí sí, láti orí aláìléwu dé orí èyí tó ń fa àrùn, àárín gan-an sì ni tiwa yìí wà. Ìlànà náà kò fọwọ́ sí i kí dókítà tìtorí rẹ̀ pinnu ìtọ́jú.

“Aláìnítumọ̀” ńkọ́? Bí ará Ọ̀yọ́ tí kò dé Èkìtì rí bá ka “ulé”, ó lè rò pé akọ̀wé ṣìkọ ni, bẹ́ẹ̀ ilé ni, ó sì pé pérépéré lẹ́nu wa. Níbòmíràn, lẹ́tà kan péré tó yí padà lè ba gbogbo gbólóhùn jẹ́. Ẹni tó ti gbọ́ Èkìtì dáadáa ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jíìnì: èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ jíìnì àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra jẹ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, ìdí nìyí tí irú èsì yìí fi ń pọ̀ lára àwa ọmọ Áfíríkà. Bí àkọsílẹ̀ tiwa ṣe ń kún un ni ìdájọ́ ń dé: ọ̀pọ̀ já sí aláìléwu, díẹ̀ já sí eléwu.

Nítorí náà, “tíì” ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: “ìyàtọ̀ tí a kò tíì mọ ibi tó já sí”. Bí ẹ bá ní ó gùn jù, “ìyàtọ̀ adúródèdájọ́” tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí tó gùn ni mo gbé padà tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Wọ́n yọ ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n tú u, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni kí àwọn padà lọ béèrè.