Ta ni ń pe ta ní "sà"? Ìbéèrè lórí fífi Jane Eyre wé Great Expectations

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Òṣogbo ni mo ń gbé, mo sì ti wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìtàn àròsọ méjì láti ìgbà Ọbabìnrin Victoria ni mo ń fi wé ara wọn nínú àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Àkọ́kọ́ ni Jane Eyre, tí Charlotte Brontë tẹ̀ jáde lọ́dún 1847 lábẹ́ orúkọ Currer Bell; èkejì ni Great Expectations ti Charles Dickens, tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kejìlá ọdún 1860 títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1861.

Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Mo ní ọmọ òrukàn ni Jane, ọmọ òrukàn sì ni Pip. Pé abẹ́ ẹlòmíràn ni àwọn méjèèjì ti dàgbà, ìyà sì jẹ wọ́n níbẹ̀. Pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fẹnu ara wọn sọ ìtàn ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Pé owó sì dé bá wọn láti òkè òkun, ti Jane láti ọ̀dọ̀ arákùnrin bàbá rẹ̀ tó gbé ní Madeira, ti Pip láti ọ̀dọ̀ Magwitch, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó lọ sí Ọsirélíà tó sì di olówó níbẹ̀. Nígbà tí alábòójútó mi dá iṣẹ́ náà padà, kò fa ìlà pupa sí ibì kankan. Gbólóhùn kan péré ló kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn: "Wọ́n jọra lóòótọ́, kí ló wá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?"

Ẹ jọ̀ọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ fi ìwé méjì wéra, kí ló yẹ kó máa wá gan-an? Ṣé kí n fi ìjọra sílẹ̀ kí n wá ìyàtọ̀ lọ ni, àbí kí n kúkú pààrọ̀ ìwé?

Tíṣà Àná, Ayétòrò:

Ọmọ mi, má pààrọ̀ ìwé, ìwé kò ṣẹ̀ ọ́. O ti ka ohun tó wà lórí àtẹ oníṣòwò méjì, o kò tíì ná ọjà kankan. Mú ohun kan ṣoṣo, kó kéré débi pé o lè fi ìka tọ́ ọ, kí o wá máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn nínú ìwé méjèèjì. Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ náà "sà" ni ǹ bá mú.

Ṣí orí 27 nínú Great Expectations. Joe alágbẹ̀dẹ, ọkọ ẹ̀gbọ́n Pip, ẹni tó jẹ́ bàbá fún un láti kékeré, wá kí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ òde tó wọ̀ kò bá a lára mu, kò sì mọ ibi tí yóò gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ sí. Ó fi lé etí pẹpẹ tó wà lókè ibi ìdáná, ó já bọ́. Ó sáré gbá a mú, ó tún dá a padà síbẹ̀, ó tún já bọ́, títí tó fi lọ já sínú abọ́ tí wọ́n ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì sí. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, ó pe ọmọ náà ní Pip, ó tún pè é ní sà, kò mọ èyí tí yóò mú. Dickens fẹ́ ká rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn, mo ti rín in láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: àgbà tó tọ́ ọ dàgbà wọ iyàrá rẹ, ó sì ń sọ fún ọ pé, "Ẹ má bínú, sà." Kí Joe tó lọ, ó fẹnu ara rẹ̀ tú u: ó ní ẹnì kan a máa rọ irin, ẹlòmíràn a máa rọ wúrà, ìpínyà kò sì lè ṣàìwà láàárín wọn, pé bí Pip bá fẹ́ rí òun bí òun ti rí gan-an, kó wá yọjú lójú fèrèsé ilé agbẹ̀dẹ.

Wàyí o, bọ́ sí Jane Eyre. Jane ń pe Rochester, ọkùnrin olówó tó gbà á síṣẹ́, ní sà nígbà tó ń kọ́ ọmọ níwèé ní Thornfield, ilé ọkùnrin náà, kò sì jáwọ́ nígbà tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó. Ní orí 37, Jane tún lọ bá a ní Ferndean, ilé Rochester mìíràn. Iná ti jó Thornfield, ojú ọkùnrin náà ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ti lọ. Jane ṣì ń pè é ní sà, sà yẹn kan náà ló sì fi sọ fún un pé òun ti lówó, òun ti dá dúró, kò sí ẹni tó ni òun. Owó tó jogún jẹ́ 20,000 pọ́n-ùn. Ó ti pín in sọ́nà mẹ́rin pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta, 5,000 sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, owó dé ọwọ́ Jane, "sà" di ọ̀rọ̀ tó ń fi ṣeré. Owó dé ọwọ́ Pip, ẹni tó tọ́ ọ ni "sà" há sí lọ́fun. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn.

Òǹkàwé Òkè-Fìà:

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ìwé Brontë jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, nígbà tí Dickens ń fi tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Òǹkàwé tó ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nílò ohun tí yóò máa rántí, bí àkẹtẹ̀ tó ń já bọ́. Àwa náà mọ irú rẹ̀: nígbà tí ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde ní 1929 sí 1930, àwọn òǹkàwé kan gbà pé ẹni gidi ni obìnrin náà.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí àbúrò wa ṣọ́ra níbì kan. "Sà" Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe "ẹ" tiwa. "Ẹ" wọ inú gbogbo gbólóhùn, kò sí bí o ṣe lè bọ́ ọ sílẹ̀; fìlà ni "sà", wọ́n lè dé e, wọ́n sì lè ṣí i. Kódà tiwa náà kò dúró sójú kan: nínú Bíbélì Yorùbá tí odidi rẹ̀ jáde lọ́dún 1884, tí Àjàyí Crowther ṣe iṣẹ́ ńlá lé lórí, "ìwọ" ni wọ́n fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí àrífín. Má kàn kọ ọ́ pé Joe bu ọ̀wọ̀ fún ọmọdé. Wo ìgbà tó dé fìlà náà àti ìgbà tó ṣí i. Ní orí 57, àìsàn dá Pip dùbúlẹ̀, àwọn tó wá mú un nítorí gbèsè sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Joe wá tọ́jú rẹ̀, ó sì ń pè é lórúkọ bí ìgbà àtijọ́. Bí ara rẹ̀ ti ń le sí i ni "sà" ń yọ́ wọlé padà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Joe ti lọ. Ó fi lẹ́tà kúkúrú sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé ó ti bá a san gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ Bertha, aya Rochester tí orí rẹ̀ dàrú, tí wọ́n tì mọ́ iyàrá òkè ní Thornfield nígbà tí Rochester ń múra láti fẹ́ Jane, tún wà níbẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ Rochester ni pé ó fẹ́ ní obìnrin méjì, òǹkàwé tó dàgbà nílé olórogún níbí yóò bi ọ́ pé èwo ló burú ńbẹ̀. Lójú tiwa, ìyálé tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọn kò sì dárúkọ rẹ̀ fún ìyàwó, ni ọ̀ràn. Lójú òfin Ìlú Ọba, ọ̀ràn mìíràn ni: òfin ìkọ̀sílẹ̀ tuntun kò dé títí di 1857, kódà lẹ́yìn náà, ọkọ kò lè torí wèrè kọ aya rẹ̀. Kọ méjèèjì, má fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Má sì gbàgbé pé nítorí 30,000 pọ́n-ùn ni bàbá Rochester ṣe wá ìyàwó yẹn fún un ní Jàmáíkà. Owó òkè òkun tí o kà sí méjì, mẹ́ta ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀:

Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun, mà. Mo kọ "sà" yẹn tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo kọ.

Aláró ni ìyá mi. Ọwọ́ wọn dúdú láti èékánná dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ kì í mú un tán. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì kí ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé iyàrá, tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ọwọ́ wọn wà lábẹ́ ìborùn. N kò sọ nǹkan kan. Mo ti ka orí 8, níbi tí Estella, ọmọbìnrin ilé olówó, ti fi ọwọ́ Pip ṣe yẹ̀yẹ́, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ọjọ́ yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ṣé irú èyí lè wọ inú àpilẹ̀kọ?

Tíṣà Àná, Ayétòrò:

Rárá. Alábòójútó rẹ yóò fa ìlà pupa sí i, n kò sì ní bá a jà. Ìrántí ọjọ́ yẹn ni kó máa tọ́ka ibi tí wàá dúró lé fún ọ. Fi orí 8, 27 àti 57 ṣe ti Pip. Fi orí 23, níbi tí Jane ti kọ́kọ́ bá Rochester sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, àti orí 37 ṣe ti Jane.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Mo fara mọ́ ti bàbá lórí àpilẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ojú ewé ìdúpẹ́ wà níwájú, kò sì sí alábòójútó tó ń fa ìlà pupa síbẹ̀.