Láti Abẹ́òkúta, níbo la ti lè sọ ọkọ̀ onígbòkun kékeré sómi, níbi tí omi ti ń kún tó sì ń fà?

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará èbúté. Ọkọ̀ onígbòkun Wayfarer kan wà nílẹ̀ ní Ìbarà níbí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.82, ara ọkọ̀ lásán wọn kìlógíráàmù 168, láìka òpó àti ìgbòkun mọ́ ọn. Orí tírélà kékeré onítáyà méjì ló wà, jíìpù ló ń fà á. Odò Ògùn tó gba àárín ìlú kọjá kò ṣeé lò, àpáta ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sà Èkó ló wà lọ́kàn mi, bóyá apá Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń dá etí omi tó dára mọ̀ kó tó wọ́ ọkọ̀ débẹ̀? Àwọn kan ní omi òkun Èkó kì í kún kì í sì í fà púpọ̀, pé kò yẹ kéèyàn da ara rẹ̀ láàmú nípa rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bá mi sọ ohun tí omi iyọ̀ máa ń ṣe fún tírélà.

Atukọ̀ Ìpakodò:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti omi tí wọ́n ní kì í kún púpọ̀ yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Òótọ́ ni pé lẹ́nu òkun Èkó, àárín omi kíkún àti omi fífà kò ju bíi mítà kan lọ nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú. Bó ṣe ń wọnú ọ̀sà ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Lápá Ìkòròdú, ẹ lè má rí ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Àmọ́ bí etí omi ṣe tẹ́ tó ni kí ẹ máa wò, ju bí omi ṣe ga lọ. Ọ̀sà Èkó kò jìn. Tí ẹ bá yọ ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tí wọ́n gbẹ́ kúrò, mítà kan ààbọ̀ sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ etí rẹ̀ lápá àríwá sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré lórí mítà kọ̀ọ̀kan, tí omi bá fà ní sẹ̀ǹtímítà 40, mítà 20 ẹrẹ̀ ló máa ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọkọ̀ sómi láàárọ̀ nígbà tí omi kún, tó ń padà bọ̀ lọ́sàn-án nígbà tí omi ti fà, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló máa bá láàárín òun àti tírélà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń rì dé orúnkún nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, táyà ò sì lè kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láì wọ́ ọkọ̀ dání, kó jẹ́ ìgbà tí omi fà tán. Ìgbà yẹn nìkan lẹ máa rí ibi tí kọnkéré pin sí. Ọ̀pọ̀ kọnkéré èbúté ló dára lójú nígbà tí omi bo ìdí rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ṣe ló gé pẹ́ú sínú kòtò tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akérò ti gbẹ́ síbẹ̀. Táyà tírélà tó bá já sínú kòtò yẹn, áàsì rẹ̀, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, á há sí etí kọnkéré. Ẹ mú ọ̀pá ọparun kan dání, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ máa fi gún ìsàlẹ̀ omi láti etí rẹ̀ lọ títí dé bíi mítà 8. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ tún wọn bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Pákó mítà kan àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà ti tó fún un. Ẹ gbé orí pákó kan lé kọnkéré, ẹ gbé orí kejì sókè títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì á fi dọ́gba, kí ẹ wá wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀. Tó bá wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ó dára. Tí kò bá tó 7, ẹ máa wọ́ tírélà jìnnà kí ọkọ̀ tó léfòó. Tó bá lé ní 20, táyà jíìpù yín á máa yọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà á gòkè.

Wayfarer tí ẹ bá ti gbé pátákó àárín rẹ̀ (èyí tó ń gba ihò ìdí ọkọ̀ wọ omi) sókè, omi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ló ń gbé e. Tí ìdí ọkọ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 35 lórí tírélà, omi sẹ̀ǹtímítà 60 ni kó wà níbi tí táyà tírélà bá dúró sí, kó lè bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Níbi tó ń lọ sílẹ̀ ní 12 lórí mítà kan, mítà 5 sínú omi nìyẹn. Ẹ wá ro gígùn irin ìfà yín mọ́ ọn, ẹ máa mọ̀ bóyá táyà ẹ̀yìn jíìpù máa wọ omi. Kò yẹ kó wọ omi rárá. Níbi tí ewédò tútù tó ń yọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lára kọnkéré, ibẹ̀ ni ààlà mọ́tò.

Wẹ́dà Sábó:
Kí n dá sí ti tírélà. Omi iyọ̀ ń jẹ irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ríǹ tí táyà fi ń yí ló kọ́kọ́ ń kú. Láti Abẹ́òkúta dé Ìkòròdú, họ́ọ̀bù táyà ti gbóná. Tí ẹ bá tì í bọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé gba ẹ̀gbẹ́ ọ́ílì síìlì. Omi yẹn á da gírísì rú, á di funfun bí ẹ̀kọ mímu, ìpẹtà á mú bẹ́ríǹ. Ẹ ò ní mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìrìn-àjò mìíràn ló máa ń há, lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí tírélà sinmi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó fojú kan omi. Ẹ lo àkókò yẹn láti fi to òpó àti okùn. Ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀bù: tí ọwọ́ yín bá lè dúró lórí rẹ̀ láìjó, ó ti ṣe tán. Gírísì tí omi kì í fọ̀ dànù ni kí ẹ fi sí i, èyí tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì iná tírélà kúrò lára mọ́tò kó tó wọ omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gílóòbù gbígbóná á fọ́, fíúsì á sì jó.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ pín tírélà sí méjì. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe tírólì fúyẹ́fúyẹ́ onítáyà ńlá tí ọkọ̀ máa jókòó lé, kí tírólì yẹn sì máa gun orí tírélà tó ń rìn lójú títì. Tí ẹ bá dé etí omi, tírólì nìkan lẹ máa fà wọ omi, bẹ́ríǹ tírélà ò ní fojú kan iyọ̀ láéláé. Fún Wayfarer, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lè tì í sísàlẹ̀. Tí ẹ bá ń fà á bọ̀ lókè, ẹ so okùn mítà 10 mọ́ ìdí jíìpù, kí jíìpù dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Páìpù tí wọ́n ti rì sínú síǹkì yíyọ́ kó má bàa dípẹtà ni kí wẹ́dà lò. Kó má dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì pa, kí omi lè máa jáde. Páìpù tí omi há sí, inú ló ti ń jẹrà.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ fọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sun ún di ọjọ́ kejì.

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ etíkun gidi, bí Elékò? Iyanrìn mímọ́ wà níbẹ̀, kò sí ẹrẹ̀. Báwo sì lèèyàn ṣe ń mọ àkókò tí omi máa kún ní Ìkòròdú, nígbà tó jẹ́ pé ti ẹnu òkun ni tábìlì àkókò omi kíkún àti fífà ń sọ?

Atukọ̀ Ìpakodò:
Ẹ má gbìyànjú Elékò. Ìgbì tó ń jáde síbẹ̀ ti rìn láti ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì jíjìn. Ẹ̀bá etíkun gan-an ló ti ń ya, etí iyanrìn sì ga bí ògiri. Ọkọ̀ kékeré tó bá dábùú nínú rẹ̀ á dojú dé, òpó á sì gún ìsàlẹ̀. Ìgbà òjò ló le jù, àmọ́ kò sí oṣù kan tí mo lè ní kí ẹ lọ. Tàkwá Bay wà lábẹ́ ààbò òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu òkun, omi rẹ̀ sì dákẹ́, ṣùgbọ́n kò sí títì tí tírélà lè gbà débẹ̀. Inú ọ̀sà ni kí ẹ dúró.

Ti àkókò: omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín kíkún kan àti èkejì. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ló ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Kíkún tó bá dé ẹnu òkun ṣì máa rìn wọ inú kó tó dé Ìkòròdú. Ẹ gún igi kan sínú omi lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ibẹ̀, kí ẹ máa sàmì sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí omi á fi dúró tí á bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ fi àkókò yẹn wé ti tábìlì fún ọjọ́ náà. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí ni kí ẹ máa fi kún tábìlì nígbà mìíràn. Tí omi odò bá pọ̀ nínú ọ̀sà, láti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹ tún un wọ̀n, nítorí nígbà yẹn omi máa ń jáde fún àkókò gígùn ju bó ṣe ń wọlé lọ.

Láàárín wákàtí mẹ́fà tó fi ń kún, kì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sọ́nà 12: wákàtí àkọ́kọ́ á mú ìdá 1, ìkejì 2, ìkẹta 3, ìkẹrin 3, ìkarùn-ún 2, ìkẹfà 1. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96 ní ẹnu òkun, 8, 16, 24, 24, 16, 8 nìyẹn. Wákàtí ìkẹta àti ìkẹrin ni omi ń sáré jù.

Ẹ sọ ọkọ̀ sómi ní bíi wákàtí méjì kí omi tó kún tán. Tí táyà bá há tàbí tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti bọ́, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn á gbé e. Tí omi bá ti ń fà ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ máa fi dúró.

Ìyá Olóbùkún Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, torí ìgbòkun lẹ fẹ́ lò. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́, ọ̀sán ló sì ń le sí i. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà ní etí àríwá. Èyí já sí pé lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ á máa ti ìgbì kéékèèké lu kọnkéré gan-an, á sì máa gbá ọkọ̀ yín mọ́ ọn. Ẹ débẹ̀ ní ìdájí. Tí ẹ bá ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ dojú ọkọ̀ kọ afẹ́fẹ́ nígbà tó ku bíi 100 mítà, ẹ sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá fi ìgbòkun iwájú nìkan wọlé jẹ́jẹ́. Pátákó àárín àti ìtọ́kọ̀ ni kí ẹ gbé sókè kó tó kan ilẹ̀. Ìtọ́kọ̀ tó bá fi orí gbá kọnkéré, irin tó gbé e dúró ló ń tẹ̀.

Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ máa wo ìlà-oòrùn. Ìjì òjò ibẹ̀ ni wọ́n ń ti wá. Tí ọ̀run bá ṣú níhà yẹn, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán sì dákẹ́ lójijì, kí ìgbòkun ti wà nílẹ̀.

Ẹ tún máa retí koríko water hyacinth nígbà tí omi ọ̀sà bá di omi tí kò níyọ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń kó o wá sí etí àríwá, ó lè bo èbúté bí ẹní láàárín òru kan. Ó ń wọnú ihò pátákó àárín, á dè é pinpin. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á.

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, omi kíkún àti fífà ti kéré débi pé igi tí Atukọ̀ sọ yẹn kò ní fi púpọ̀ hàn yín. Òjò àti odò ló ń gbé omi wa sókè. Ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà yín ni Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ wá já sí Ẹ̀pẹ́. Àmọ́ igi àwọn apẹja wà lábẹ́ omi, àwọ̀n wọn náà sì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì kí olórí èbúté.

Ará Ọ̀bàǹtókó:
Tó bá jẹ́ ìdánrawò ni, adágún Ọ̀yán kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, kò sì sí omi kíkún-fífà níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ Ogun-Oshun River Basin, àwa la ní wọn ní Abẹ́òkúta níbí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ máa ń sún jìnnà sí etí, igi òkú á sì yọrí. Ohun kan tó ṣe pàtàkì: kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, wà nínú omi yẹn. Ẹ má dúró nínú omi láti fi ti ọkọ̀ láìwọ bàtà rọ́bà tó ga dé itan, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ tí ẹ bá ti fara kan omi náà.

Atukọ̀ Ìpakodò:
Mo fara mọ́ ti Ọ̀yán. Ohun tó kù ni òpó. Irin ni, ó sì lé ní mítà 6. Kí ẹ tó gbé e dúró, ẹ wo òkè, kí ẹ wo gbogbo ojú ọ̀nà láti ibẹ̀ dé omi. Wáyà NẸ́PÀ gba orí ọ̀pọ̀ èbúté wa kọjá, ó sì máa ń wálẹ̀ lágbedeméjì òpó iná méjì. Tí wáyà bá wà, ẹ sọ ọkọ̀ sómi pẹ̀lú òpó ní dídùbúlẹ̀, kí ẹ fi àjẹ̀ wà á kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ dá ìdákọ̀ró sílẹ̀ nínú omi tó dé àyà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbé òpó ró. Láífì jákẹ́ẹ̀tì dandan ni fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀, LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ò sì ní gbà kí ẹ wà lórí omi láìwọ̀ ọ́. Okùn wíǹṣì tó so iwájú ọkọ̀ mọ́ tírélà ni kí ẹ tú gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ìdí ọkọ̀ bá ti léfòó tó ń mì.