Aṣọ òkè ìgbéyàwó há sí ibodè, ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ràn mí lọ́wọ́! Aṣọ òkè ìgbéyàwó àbúrò mi ti dé láti Ìṣẹ́yìn, àmọ́ àwọn tó gbé e wá ò fún wa. Wọ́n ní àfi kí n san $214 owó ibodè. Gèlè 30, fìlà 30. Ìnáwó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ó pẹ́ tí mo ti ń gba ẹrù láti ilé, ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ṣé kí n san án ni?

Àdùkẹ́, Baltimore: Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n mi. Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Ẹrù tí ò ju $800 lọ ló ń wọ Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ti Ṣáínà ni wọ́n kọ́kọ́ fagi lé ní oṣù Karùn-ún. Nígbà tó di 29 oṣù Kẹjọ 2025, ó kan gbogbo wa. Ti Nàìjíríà, 15% ni wọ́n fi lé e nígbà náà, ní 2025, yàtọ̀ sí owó tó ti wà lórí aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ni wọ́n kọ sára páálí?

Ìyá Ìbejì: "Ẹ̀bùn, $40." Wọ́n tú u, risíìtì ẹni tó hun ún ló wà lókè pátápátá, wọ́n ká a sí mẹ́rin.

Bàbá Ṣeun, Peckham: Ẹ̀bùn kẹ̀! Fìlà 30, orí mélòó lẹ ní? Ẹ má bínú o, èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Mo ní kí wọ́n kọ £20 sára agbádá sányán kan. Páálí sọnù. Mo bá wọn fà á títí, wọ́n san £20 fún mi.

Ọmọ Òfì, Chicago: Kò sí láburú nínú "ẹ̀bùn". Èyí tí ò bá ju $100 lọ ṣì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ì bá ti pín in sí páálí mẹ́wàá ni.

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹ̀gbọ́n mi sí wàhálà. Aṣọ ẹbí tí gbogbo wa dáwó rẹ̀, ẹ̀bùn wo ló wà níbẹ̀?

Ọmọ Òfì: Ta ló máa sọ fún wọn?

Àdùkẹ́: Risíìtì ti sọ. Nígbà míì, kí oníkálukú tó bá ń ti Èkó bọ̀ kó tirẹ̀ sínú àpótí. $800 tiyẹn ṣì wà fún ẹni tó ń gbé níbí, bó bá ṣáà ti kéde ohun tó rà.

Bàbá Ṣeun: Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wàásù "ẹ ṣílẹ̀kùn ọjà yín" fún wa látọjọ́ yìí ló wá ń ti tiwọn.

Ọmọ Òfì: Bàbá, ta ló ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ ní 2019, tí kò ṣí i títí di ìparí 2020? Ìyá àgbà mi ní Badagry ò tíì dárí jì wọ́n lórí ìrẹsì.

Àdùkẹ́: Tiyín tiẹ̀ dẹrùn ní Peckham, ìsọ̀ lẹ ti ń rà á.

Ọmọ Òfì: Èyí tó ń dán bíi bébà súìtì yẹn?

Bàbá Ṣeun: Ó sàn ju Houston, níbi tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀ wákàtí kan nítorí ata rodo!

Ọmọ Òfì: Nígbà tí mo wà ní kékeré, iwájú ilé wa ni wọ́n máa ń na òwú aṣọ òkè sí, á gùn dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Tá a bá ti iléèwé dé, à ń fò ó ni. Ọjọ́ tí mo fẹsẹ̀ kọ́ ọ, bàbá wa ò bá mi wí, ó kàn ní kí n jókòó máa so ó. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ń pè wọ́n lọ́wọ́ báyìí. Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí láti ogójì ìṣẹ́jú.

Bàbá Ṣeun: Fìlà kan ò ní ṣẹ́kù bí?