Ìgbẹ́ adìyẹ kan ò jọ̀kan: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí lóko

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará oko, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níbí yìí, pé ewé àgbàdo ń pọ́n bí a tilẹ̀ fi ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ajílẹ̀ rẹ̀, ṣojú mi kòró. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la jọ dáko pààlà lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ilẹ̀ kan náà ni, ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Òjò kan náà la fi gbin àgbàdo. Èmi ra ìgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin nínú kéèjì. Ẹ̀gbọ́n ra tiwọn nílé adìyẹ tí wọ́n ti ń tẹ́ ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì sílẹ̀. Àpò tiwọn fúyẹ́, ó pọ̀ lójú, owó rẹ̀ sì dín. Ta ni kò ní rà á?

Nígbà tí àgbàdo dé orúnkún, tèmi dúdú mìnìjọ̀. Ní tiwọn, ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, láti ṣóńṣó ewé, ó ń gba àárín rẹ̀ bọ̀ wá sí ìdí. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó ta ìgbẹ́ ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n fẹ́ lọ bá a jà. Ọmọ kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló tú ebè wò. Ìyẹ̀fun pákó ló kún abẹ́ rẹ̀, kò tíì jẹrà rárá.

Àlàyé tó ṣe fún wa rèé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń jẹ káábọ̀nù, ohun tó ń fún wọn lágbára, àmọ́ wọn ò lè pọ̀ sí i láìsí náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé irúgbìn dúdú. Ohun tí káábọ̀nù rẹ̀ kò bá ju nǹkan bí ìlọ́po 25 náítírójìn rẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ yó, náítírójìn tó ṣẹ́kù á bọ́ sọ́wọ́ irúgbìn. Ìgbẹ́ adìyẹ gidi kì í ju nǹkan bí ìlọ́po 10. Ìyẹ̀fun pákó ń kọjá ìlọ́po 200. Tẹ́ ẹ bá ro irú ìyẹn mọ́lẹ̀ ní tútù, náítírójìn tó ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ náà. Àgbàdo àti kòkòrò ń du abọ́ kan náà, kòkòrò ló sì ń kọ́kọ́ débẹ̀.

Náítírójìn náà kò sọnù ṣá. Bí àwọn kòkòrò náà bá kú, ohun tó wà lára wọn á padà sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n ń mú omi dání ju tèmi lọ nígbà tí òjò dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹjọ, ẹ̀wà tí wọ́n gbìn síbẹ̀ sì ṣe dáadáa. Ẹ̀wà náà kúkú ń wá náítírójìn ara rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni tèmi. Lẹ́yìn ilé gaàrí, ibi tí omi èèpo bá ṣàn dé, koríko kì í hù. Mo ń sá a gbẹ, mo ń tò ó ní ìpele pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù, mo ń wọ́n omi sí i, mo sì ń yí i. Bí mo bá ki irin bọ àárín rẹ̀, mi ò lè di irin yẹn mú. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá 55 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, èso èpò púpọ̀ á kú. Tó bá ti tutù tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ igbó, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ mi ti rí oúnjẹ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da eérú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tútù o. Eérú dára lóòótọ́, pọ́táṣíọ̀mù, oúnjẹ irúgbìn kan, wà nínú rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá pàdé, èéfín tó ń ta yín nímú yẹn, náítírójìn ló ń lọ sójú ọ̀run.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe ń dá oní-pákó mọ̀ kí a tó sanwó?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú garawa omi, kẹ́ ẹ rò ó. Ìgbẹ́ á yòrò, pákó á léfòó. Ẹni tó bá ti rà á kó má dà á nù: kó pò ó mọ́ ìgbẹ́ inú kéèjì, kó bu omi sí i, kó fi ewé bò ó di òjò tó ń bọ̀.