Oúnjẹ màmá mi lẹ́yìn àìsàn ọkàn: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo béèrè ohun tí a lè máa sè fún màmá mi ní Kétu níbí, tí àìsàn ọkàn ṣe, tí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ sì ti sú pátápátá. Ara wọn ti ń mókun báyìí.

Iyọ̀ ló le jù. Dókítà ní ti òòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, ti inú mágí àti búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀. A pa mágí tì. Irú ló gbà wá, àmọ́ ẹ bi ìyá tó ń tà á bóyá ó ti fi iyọ̀ sí i. Mo ń gún un mọ́ áàyù àti àlùbọ́sà. Ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ fi ìka nu àwo ọbẹ̀ náà lá, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí wàfárínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ń lò, dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀: kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kó ṣáà má pọ̀ lójijì, kó má sì dín lójijì. Àkàrà ti di ọ̀lẹ̀ nílé wa. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí, ẹ kú àdúrótì.