Mo ti ṣe ọ́pdéètì fóònù mi yẹn o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ́pdéètì kékeré tó wá sórí fóònù mi, tí mo bi yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé ṣé kí n ṣe é àbí kí n fi sílẹ̀, 340MB péré, mo ti ṣe é o. Mo kọ́kọ́ kó fọ́tò mi sórí Google Drive, mo dúró kí iná dé, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí bí bátìrì bá kú láàárín ẹ̀ wàhálà ni. Ìṣẹ́jú 22 ló fi ń kú tó ń tan, àyà mi ń já. Lọ́jọ́ kìíní bátìrì ń lọ bí omi inú apẹ̀rẹ̀, mo ti fẹ́ máa bínú sí ẹni tó ní kí n ṣe é, àṣé fóònù ṣì ń tún inú ara ẹ̀ tò ni, ọjọ́ kẹta ó ti padà sípò. Áàpù báńkì mi ṣì ń ṣí, àtúnṣe ààbò ló pọ̀ jù nínú ọ́pdéètì náà. Ẹ ṣé gan-an, ó ti parí.